Bí ẹ ṣe máa lo ìsinmi nínú ilé abúlé létí òkun Kerry, ní Ayálándì

Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, tó bá wá lọ háyà ilé abúlé ní ìwọ̀-oòrùn Ayálándì, nǹkan méjì ló máa kọ́kọ́ bá a lójijì: kò sí ẹni tó máa dáná fún un, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù ní ìtòsí. Ilé lẹ háyà. Ẹ̀yin lẹ máa tan hítà, ẹ̀yin lẹ máa kó pàǹtírí dànù, ẹ̀yin náà lẹ máa mọ ibi tí ẹ ti máa rí búrẹ́dì ní alẹ́ Sátidé. Ẹni tó bá múra bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òjò gan-an kò ní lè ba ìsinmi rẹ̀ jẹ́, òjò á sì rọ̀ o.

Ilẹ̀ Dingle ní Kerry ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Corca Dhuibhne. Ilẹ̀ gígùn tó yọ sínú òkun Àtìláńtíìkì ni. Mo mú un nítorí pé ìlú kékeré kan tó ní ṣọ́ọ̀bù gidi wà níbẹ̀, òkè wà, etíkun tí ọmọdé lè ṣeré sí náà sì wà. Púpọ̀ nínú ohun tí mo máa sọ yóò wúlò fún Clare, Galway àti Donegal náà.

Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú

Ibí ni ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa láti Lọ́ńdọ̀nù ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní ṣebí àdéhùn wà láàárín Ìlú Ọba àti Ayálándì, pé físà ti ọ̀hún ti tó. Kò tó. Àwọn ọmọ onílùú méjèèjì ni àdéhùn yẹn wà fún. Bó bá jẹ́ páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ yín, bó ti wù kí ẹ pẹ́ tó ní Peckham, kódà kí ẹ ti gba ìwé ìgbélùú gbére, ẹ gbọ́dọ̀ gba físà Ayálándì. Ètò kan wà lóòótọ́ tí físà kan ṣoṣo fi ń wọ ìlú méjèèjì, àmọ́ àwọn ará Ṣáínà àti Íńdíà ni wọ́n ṣe é fún. Físà Schengen náà kò wúlò níbẹ̀, torí Ayálándì kò sí nínú Schengen.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti máa kọ fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ń pè ní AVATS. Físà àbẹ̀wò tí kò ju ọjọ́ 90 lọ ni kí ẹ béèrè. 60 yúrò ni ti ẹni tó máa wọlé lẹ́ẹ̀kan, 100 yúrò sì ni ti ẹni tó máa wọlé tó máa jáde léraléra. Wọ́n á fẹ́ mọ ibi tí ẹ máa dé sí, nítorí náà ilé tí ẹ lè fagi lé láìsan owó ìtanràn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ fún ìwé náà ní oṣù méjì, ó kéré tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Dublin tí káàdì ìgbélùú Ayálándì, ìyẹn IRP, wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, àfi bí ẹ bá ń lọ sí Donegal. Google Maps á fẹ́ mú yín gba Omagh àti Strabane kọjá, inú Northern Ireland sì nìyẹn, ilẹ̀ Ìlú Ọba ni. Kò sí géètì, kò sí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n òfin wà. Ẹni tí kò ní físà Ìlú Ọba, kó gba Sligo.

Ìgbà tí ẹ máa lọ

Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni owó ilé ń ga jù, ọ̀pọ̀ onílé kì í sì í gbà ju Sátidé sí Sátidé lọ nígbà yẹn. Oṣù Karùn-ún, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹsàn-án ni èmi fẹ́ràn. Ní ìparí oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí di bí aago mẹ́wàá alẹ́ ní apá ìwọ̀-oòrùn yẹn. Ó dùn fún ẹni tó fẹ́ rìn, àmọ́ àwọn ọmọ kò ní gbà pé ilẹ̀ ti ṣú, ẹ̀yin Mùsùlùmí á sì pẹ́ kí ẹ tó kírun Ìṣáì.

Ẹ má retí ooru. Ọjọ́ tí ó bá dé ìwọ̀n 20, àwọn ará ibẹ̀ á bọ́ṣọ. Súẹ́tà, kóòtù òjò tó ní fìlà lórí àti bàtà róbà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kó wọn dání kódà bó jẹ́ oṣù Keje. Agbòòrùn, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Atẹ́gùn etí òkun yẹn á yí i padà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ kẹwàá sí ìkejìlá oṣù Kẹjọ, ẹ ṣọ́ra fún Killorglin bí ẹ bá ń bọ̀ láti apá Killarney. Ọjọ́ ọdún Puck Fair ni. Òbúkọ ni wọ́n ń mú láti orí òkè, wọ́n á dé e ládé, wọ́n á gbé e sókè gogoro láàárín ìlú, òun ni ọba fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó yẹ ní wíwò. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá wá wo ọba, ẹ gba ọ̀nà mìíràn, torí gósílóò ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré.

Yíyan ilé

Ẹ wo máàpù kí ẹ tó wo àwòrán. Àwòrán á fi bẹ́ẹ̀dì àti oòrùn alẹ́ hàn yín, kò ní sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ilé tó wà ní Dún Chaoin, lójúkojú àwọn erékùṣù Blasket, ló lẹ́wà jù lójú tèmi, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mílíìkì bá tán, ẹ ó wakọ̀ tó ìdajì wákàtí kí ẹ tó dé ṣọ́ọ̀bù ńlá ní ìlú Dingle. Bí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bá wà pẹ̀lú yín, ẹ mú ilé ní Ceann Trá, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Ventry. Kò jìnnà sí ìlú, omi etíkun rẹ̀ sì rọ̀ ju ti ibòmíràn lọ nítorí pé ilẹ̀ yí i ká.

Ilé abúlé kì í ní nọ́ńbà, ọ̀nà tó dé ibẹ̀ gan-an lè má lórúkọ. Eircode ni wọ́n fi ń mọ ilé. Láti 2015 ni ilé kọ̀ọ̀kan ti ní tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà méje ní àpapọ̀, ilé méjì kì í sì í jẹ́ ọ̀kan náà. Ti agbègbè Dingle ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú V92. Àwọn ojúlé ńlá tí wọ́n ti ń háyà ilé lè má fún yín ní Eircode títí ẹ ó fi sanwó, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì òun, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ sì wo ibẹ̀ lórí Google. Bó bá ń fi ọ̀rọ̀ dọ́gbọ́n, ẹ fi owó yín sápò.

Ọ̀rọ̀ iye èèyàn wá kù. A mọ ara wa. Ilé ẹni mẹ́fà, àwa á kó mẹ́sàn-án lọ, "àwọn ọmọ á kàn tẹ́ ẹní sílẹ̀", ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Cork á tún ní òun kàn fẹ́ yà kí wa, ó di ọjọ́ kẹta kò tíì lọ. Ní Ayálándì, bí onílé bá kọ mẹ́fà sílẹ̀, mẹ́fà náà ni, ọmọ ọwọ́ nìkan ni wọ́n lè máà kà. Ìwé ìbánigbófò ilé ló wà lórí iye yẹn, àti sókàwé. Ọ̀pọ̀ ilé abúlé kò sí lórí páìpù ìdọ̀tí ìjọba. Sókàwé tí wọ́n gbẹ́ fún èèyàn mẹ́fà kò ní lè gba ti èèyàn mẹ́wàá. Ẹ sọ òtítọ́ nígbà tí ẹ bá ń háyà, kí ẹ mú ilé tó gba gbogbo yín.

Ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó: ṣé owó iná àti hítà wà nínú owó ilé, àbí mítà ni wọ́n máa kà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ? Ṣé aṣọ ibùsùn àti táwẹ́ẹ̀lì wà? Ṣé ẹ̀rọ ìfọṣọ wà? Bí màmá bá wà lára yín, ẹ béèrè yàrá àti ilé ìwẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn inú àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyẹn tóóró, ó dúró ṣánṣán, àjà wọn á sì máa gbá ẹni tó ga lórí.

Mọ́tò àti ọ̀nà

Ẹ lè wọ rélùwéè láti ibùdókọ̀ Heuston ní Dublin dé Tralee, kí ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì 275 dé Dingle. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ kò sí láàárín ìlú á dúró síbẹ̀ láìlè lọ síbì kankan, torí takisí kò pọ̀. Ẹ háyà mọ́tò.

Ẹni tó wá àbẹ̀wò lè fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà tí kò tíì kú wakọ̀. Ẹni tó ti fi Ayálándì ṣe ilé ni kò lè máa lò ó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń háyà mọ́tò máa ń fẹ́ káàdì kírẹ́díìtì tí orúkọ awakọ̀ fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀, káàdì dẹ́bíìtì lè kó yín sí wàhálà lórí káńtà. Mọ́tò tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ kì í pọ̀ nílẹ̀, ẹ tètè béèrè fún un. Ẹ má sì háyà jíìpù ńlá. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí ẹ máa gbà, mọ́tò kékeré ló yẹ ẹ́.

Láti Dublin dé Dingle fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 350, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún bí ẹ bá dúró jẹun. M7 ni ẹ máa gbà dé Limerick, ẹ gba N21 dé Tralee, kí ẹ wá bọ́ sí N86. Bí ẹ bá ti pápá ọkọ̀ òfuurufú Dublin bọ́ sí M50, owó ibodè kan wà níbẹ̀ tí kò ní ẹni tó ń gbà á: kámẹ́rà á ya nọ́ńbà mọ́tò, ẹ̀yin ni ẹ máa lọ san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kejì tó lù. Bí ẹ kò bá san án, owó ìtanràn á gorí rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó háyà mọ́tò fún yín bóyá àwọn ló máa san án.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń rìn, kìlómítà ni wọ́n fi ń ka eré. Láti ọjọ́ keje oṣù Kejì 2025, òfin ti sọ eré ọ̀nà kéékèèké ìgbèríko di 60, kò jẹ́ 80 mọ́. Ìyẹn kò ní kí ẹ sá 60 o. Ọ̀nà tó dé ilé yín lè máà gbà ju mọ́tò kan lọ, kí koríko hù láàárín rẹ̀, kí ògiri òkúta wà lọ́tùn-ún lósì. Bí mọ́tò méjì bá pàdé, ẹni tó sún mọ́ ibi tó fẹ̀ ló ń fẹ̀yìn rìn padà. Nígbà tí ẹnì kejì bá ń kọjá, á gbé ìka kan ṣoṣo sókè lórí sítíárì kí yín. Ẹ dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ṣáá láìkí èèyàn, wọ́n á ti mọ̀ pé àlejò ni. Ẹ má páàkì sí ibi tó fẹ̀ yẹn láti ya fọ́tò. Bí ẹ bá sì ṣí géètì oko, ẹ tì í padà, torí àgùntàn kan tó bá jáde, gbogbo agbo ló máa tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà tó yí orí ilẹ̀ náà ká, Slea Head Drive, jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 47. Ẹ ti Dingle gba Ceann Trá kọ́kọ́, kí òkun wà lọ́wọ́ òsì yín. Apá ibẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ń gbà, ẹ kò sì ní fẹ́ pàdé ọ̀kan lójúkojú níbi tí àpáta wà lápá kan tí ọ̀gbun wà lápá kejì. Conor Pass, ọ̀nà tó gun orí òkè kọjá, dára lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Lọ́jọ́ kùrukùru, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Èdè Áíríìṣì nìkan ló wà lára ọ̀pọ̀ pátákó ojú ọ̀nà níbẹ̀. "An Daingean" tàbí "Daingean Uí Chúis" ni Dingle. "Go Mall" ni kí ẹ rọra, "Géill Slí" ni kí ẹ fún ẹlòmíràn lọ́nà. Lẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, "Mná" ni ti obìnrin, "Fir" ni ti ọkùnrin. Ẹ kìlọ̀ fún bàbá kí wọ́n má tẹ̀ lé lẹ́tà M wọlé. Ẹ sì fi máàpù agbègbè náà pa mọ́ sórí fóònù láti ìlú, nítorí òkè máa ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Oúnjẹ

Ẹ má gbé ẹran àti ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe wọ Ayálándì láti Nàìjíríà. Kílíṣí, pọ̀nmọ́, wàràkàṣì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbà sọnù. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé òfin kan náà ló de ẹni tó ń ti Ìlú Ọba bọ̀, àfi ẹni tó bá ti Northern Ireland wá. Ẹja gbígbẹ kò léèwọ̀, bí kò bá ti ju kílò 20 lọ. Gàrí àti èlùbọ́ náà kò léèwọ̀.

Ata rodo, ẹ̀fọ́ àti iṣu, Dublin ni kí ẹ ti rà wọ́n, ní Moore Street, kí ẹ tó forí lé ọ̀nà. Ẹ má fọkàn sí i pé ẹ ó rí wọn ní Dingle. Ohun tó dára jù ni kí ẹ lọ ata, kí ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, kí ẹ dì í sínú ike pẹlẹbẹ, kó di yìnyín kí ẹ tó gbéra. Á ṣì tutù nígbà tí ẹ bá dé. Ìyókù wà ní SuperValu àti Lidl ní Dingle. Ẹ ra nǹkan ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà ní Tralee kí ẹ má baà dé ilé lálẹ́ láìní nǹkan kan.

Ẹja ni kí ẹ má jẹ́ kó kọjá yín. Títù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán, tí ara rẹ̀ sì le bí ẹ bá tẹ ìka mọ́ ọn, kò jọ ti inú páálí rárá. Láti etí òkun yìí náà sì ni púpọ̀ nínú ti inú páálí ti wá: àwọn ilé-iṣẹ́ ẹja ní Killybegs, Donegal, ti ń fi títù dídì ránṣẹ́ sí Nàìjíríà látọjọ́ pípẹ́. Ẹ là á, ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára, ẹ yan án láìfi òróró sí i, torí ọ̀rá ara rẹ̀ ti tó o.

Bí ẹ bá fẹ́ dín ata, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná pa. Áláàmù èéfín àwọn ilé wọ̀nyẹn kì í bá èèyàn ṣeré. Ẹ má yọ bátìrì rẹ̀ o; iná igi wà nínú ilé, ẹ ó sì nílò áláàmù náà lóru.

Nínú ilé

Kẹrosíìnì ló ń gbé ọ̀pọ̀ hítà ìgbèríko Ayálándì ṣiṣẹ́. Táńkì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Ẹ tàn án fún wákàtí kan láàárọ̀ àti méjì lálẹ́ dípò kó máa jó ṣúlẹ̀ṣúmọ́. Omi gbígbóná lè wà lórí ẹ̀rọ mìíràn lọ́tọ̀, ìyẹn immersion, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ní "sink" àti "bath". "Sink" fún àwo fífọ̀, "bath" fún ìwẹ̀. Ẹ tàn án bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ṣáájú, kí ẹ pa á bí ẹ bá ti wẹ̀ tán. Bí bàbá wa ṣe ń pariwo lórí gílóòbù tí ẹnì kan gbàgbé láti pa, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn òbí ibẹ̀ ń pariwo lórí immersion.

Onílé lè fi apẹ̀rẹ̀ turf sílẹ̀ fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ìyẹn ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sì sá gbẹ. Láti ìparí oṣù Kẹwàá 2022, òfin kò jẹ́ kí wọ́n tà á ní ṣọ́ọ̀bù tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, nítorí náà bí ó bá tán, igi gbígbẹ ni kí ẹ rà. Ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ sítóòfù náà dáadáa kí iná tó ràn, ẹ wá dín in kù. Òórùn rẹ̀ á wọ irun àti aṣọ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irun, ẹ wé gèlè.

Páḿpásì, wáìpù àti ọ̀rá, ẹ má jù wọ́n sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ kó agolo àti ike ohun mímu jọ. Láti oṣù Kejì 2024 ni wọ́n ti ń gba owó ìdúró lórí wọn, sẹ́ǹtì 15 lórí kékeré, 25 lórí èyí tó ju ìdajì lítà lọ. Ẹ̀rọ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ẹ máa kì wọ́n bọ̀, á fún yín ní ìwé tí ẹ fi máa gba owó yín. Àwọn ọmọ fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn.

Òkun

Ẹ má fi ojú omi ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì wo Àtìláńtíìkì. Òkun ń kún, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó ń lò tó wákàtí mẹ́fà láàárín kíkún àti fífà. Ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó jáde. Ní Inch, etíkun gígùn tó tó kìlómítà márùn-ún, wọ́n ń jẹ́ kí mọ́tò wọ orí yanrìn, ibẹ̀ sì ni omi ti ń ká mọ́tò mọ́. Ẹ fi tiyín sókè lójú ọ̀nà.

Ibi tí wọ́n ri àsíá méjì sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ pupa àti ìyeyè, ni àwọn olùṣọ́ omi ń ṣọ́, láàárín àsíá méjèèjì ni kí ẹ ti wẹ̀. Coumeenoole, nítòsí Slea Head, rẹwà débi pé ẹsẹ̀ á máa yún yín láti wọ omi. Ìṣàn abẹ́ omi rẹ̀ burú, pátákó ìkìlọ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò, ẹ máa lọ. Lẹ́bàá bèbè gíga, ẹ di àwọn ọmọ mú lọ́wọ́, kí ẹ jìnnà sí etí rẹ̀ bí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ lórí omi tàbí bèbè, ẹ pe 112, ẹ ní Coast Guard ni ẹ fẹ́. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì, Tralee ló wà, ó tó wákàtí kan. Bí ẹ bá rin inú koríko gíga, ẹ yẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wò lálẹ́ fún eégbọn.

Àpù Met Éireann, ilé-iṣẹ́ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní Ayálándì, ni kí ẹ máa wò láràárọ̀. Ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè, ẹ múra dáadáa. Olómi ọsàn, ẹ kúrò létí òkun. Pupa, ẹ jókòó sílé.

Lọ́jọ́ òjò, ẹ lọ sí Ionad an Bhlascaoid ní Dún Chaoin, kí ẹ gbọ́ ìtàn àwọn tó gbé orí erékùṣù Blasket Ńlá títí ìjọba fi kó àwọn tó kù wá sí ilẹ̀ ní 1953. Gallarus kò jìnnà síbẹ̀, ilé àdúrà olókùúta tí wọ́n kọ́ láìfi sìmẹ́ńtì tàbí amọ̀ lẹ̀ ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lọ

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé ń gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ di ẹrù lálẹ́. Ẹ kó eérú ààrò sínú garawa irin, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ike, torí ó lè máa gbóná títí di ọjọ́ kejì. Ẹ ya fọ́tò mítà iná bó bá jẹ́ pé ẹ máa sanwó rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé kí òórùn ẹja àti ọbẹ̀ jáde, ẹ yẹ fíríjì wò fún ata yín, kí ẹ sì pa immersion.